Eérú Wa, Ẹsẹ̀ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò àlàyé èyí. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo rí eérú tó fi ẹni tó dà á sílẹ̀, tó tọ ọmọ ọlọ́mọ lọ ní Ìgèdè-Èkìtì níbí.

Ẹ̀yìn ọjà ni. Ọmọkùnrin méjì ń ṣa ike omi àti agolo sínú àpò lórí ààtàn. Èyí ẹ̀gbọ́n ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ìyá kan gbé eérú dé láti ìdí ààrò, wọ́n dà á sílẹ̀. Ẹyin iná ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí àbúrò gbẹ́sẹ̀ sókè, ó fi ra ojúgun kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ike rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ké. Ó ti mọ́ ọn lára.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wà níbẹ̀." Wọ́n ní, "Ta ló rán an wá síbẹ̀?"

Àwa ni. Nígbà tí a bá di egungun ẹja, ike, ìgò fífọ́ àti bátìrì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú u kó tó rí èyí tó ṣeé tà. Àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Òṣùwọ̀n kì í béèrè ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 ní kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ìwé, ó sì ka àìrán ọmọ lọ sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn òbí.

Bàbá kan sọ fún mi pé iṣẹ́ kì í pani. Òjé pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta kí wọ́n lè rí wúrà. Òjé yìí kan náà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀ tí à ń jù sí ààtàn. Ọ̀rọ̀ bàbá tán níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí á lé àwọn ọmọ náà. Bí a bá lé wọn, ebi ò ní bá wọn lọ ni? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ kékeré ti wọ kèrègbè ìdọ̀tí wa tán, ó ti ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ tiwa ni kò tíì kan pẹpẹ.

Ní Pune, ní Íńdíà, àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1993. Láti inú rẹ̀ ni àjọ SWaCH ti jáde ní 2008: àgbàlagbà ní ń lọ gba ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà, onílé sì ń sanwó fún wọn. Nítòsí wa, ilé ìwé Morit ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó, gba ike òfìfo lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìgèdè, lè kó àwọn òbí irú ọmọ wọ̀nyí jọ, kó fún wọn níṣẹ́ gbígba ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà ní gbangba, kí ọmọ lè padà sí kíláàsì.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí á ya ike sọ́tọ̀, kí á má da ìgò fífọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Kí á sì bomi pa eérú wa kí á tó gbé e jáde.