Ọmọ Tí Ìyá Kú Fi Sílẹ̀

Àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ni a kọ́ Festac Town, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, fún. Àlejò mìíràn ni ọmọ ọdún 14 tí ìyá rẹ̀ kú, tí a wá mú lọ bá baba tí ó ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ tipẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2007, ní ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tu ọmọ nínú. Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe sọ orúkọ olóògbé di èèwọ̀ nínú ilé. Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀bi yín fún ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní àfojúdi. Ìwọ ọmọ, bí o bá jẹun baba rẹ, o kò tíì da ìyá rẹ.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sọ ènìyàn di baba, ìtọ́jú ni.