Ìṣáná kan kì í tàn lẹ́ẹ̀mejì

Másífà, lẹ́bàá Èjìgbò, ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ẹni tó kọ ọ́ ra mọ́tò tòkúnbọ̀. Réwáyà rẹ̀ ní òun fẹ́ fi bátìrì kan wáyà àpò atẹ́gùn tó wà nínú sítíárìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì dáa. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má jẹ́ kó dán an wò o!

Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n rán ọmọ kan ní ìṣáná, wọ́n ní kó rí i pé èyí tó ń tàn ló rà. Ọmọ dé, ó ní, "Ìyá mi, gbogbo ẹ̀ ló dáa, mo ti ṣá a tán lójú ọ̀nà." À ń fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìṣòro rẹ̀ náà ló bá àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ Apollo tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ sí òṣùpá, ohun tó ń fi ẹ̀tù ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lé ní 200. Ìṣáná tirẹ̀ jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí ẹ̀tù díẹ̀ yí ká. Bí iná bá gba wáyà kọjá, á gbóná, ẹ̀tù á gbiná. Òun ló ń já apá rọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lára ara wọn, òun ló ń tú paraṣúùtì sílẹ̀. Èyí tó bá ti yìn, ó parí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò? Wọ́n á ṣe ọ̀pọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á mú lára wọn, wọ́n á gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, wọ́n á kó wọn sínú otútù àti ooru, wọ́n á wá yìn wọ́n. Bí àwọn yìí bá yege, àwọn ọmọ ìyá wọn tí kò tíì yìn ló ń lọ sójú ọ̀run.

Kó yìn nìkan kọ́ o. Kò gbọdọ̀ yìn nígbà tí wọn ò rán an níṣẹ́. Èyí tí NASA ń lò, iná áńpù 1 á gba inú rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú 5, kò gbọdọ̀ yìn. Wọ́n tún ń fi irú iná tó ń ta lára aṣọ wa nígbà ọyẹ́ dán an wò, èyí tó tó fólítì 25,000.

Ìdí wà. Ní July 21, 1961, ilẹ̀kùn ẹlẹ́tù ọkọ̀ Gus Grissom ṣàdédé já lójú òkun. Ọkọ̀ rì, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ. Àmọ́ lọ́dún 1970, nígbà tí Apollo 13 bà jẹ́ lọ́nà, tí otútù mú inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè dán ìṣáná paraṣúùtì wò. Ní April 17, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí, ọkùnrin mẹ́ta sì délé láàyè.

Irú ìṣáná bẹ́ẹ̀ ló wà nínú sítíárìn yín. Bátìrì mọ́tò á yìn ín lójú réwáyà, owó yín á sì wọgbó. Kódà, kó má fi tẹ́sítà kàn án. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo iná àpò atẹ́gùn níwájú yín: kó tàn díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá kú, tàbí tí kò tiẹ̀ tàn rárá, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bá mi kí réwáyà yín. Ojú rẹ̀ ṣì wúlò fún un.