Ọmọ Ògún Wo Ló Ń Fi Ìbọn Ṣeré?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mi ò sì rò pé inú yàrá ilé-gbígbé nìkan ló yẹ kí a ti máa sọ ọ́. Àwọn kan nínú wa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ra ìbọn tuntun, tí wọ́n ń tú u palẹ̀ sórí tábìlì, tí wọ́n ń pààrọ̀ ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń gbé awò lé e lórí, tí wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà tó wù wọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn ń tún mọ́tò rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ṣakabùlà ni wọ́n ń tún ṣe o. Èyí tí a ń wí yìí, bí o bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ọta mìíràn sí ààyè, ìka lásán ló kù kí o tún fà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní bí owó bá dé, àwọn náà yóò ní tiwọn. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀: "Ṣebí ọmọ Ògún ni wá? Ṣebí àwọn baba wa náà ń ṣe ìbọn wọn lọ́ṣọ̀ọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀ kí n tó jà. Jos ni wọ́n bí mi sí, èdè Hausa ni mo fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, mo sì mọ "bindiga" kí n tó mọ "ìbọn". Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi bá mú wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo máa ń rí ìbọn àwọn ọdẹ. Awọ ẹran ni wọ́n fi ń wé ìdí rẹ̀ níbi tí igi bá ti là, òmíràn ní owó ẹyọ lára, òmíràn ní ońdè. Kò sí méjì tó jọra. Kó ogún ìbọn jọ sílẹ̀, ọmọdé inú ilé yóò nawọ́ sí ti bàbá rẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ṣakabùlà nìkan ni àwọn baba wa mọ̀, kò ka ìtàn Kírìjì dáadáa. Láti 1877 títí di 1886 ni Ìbàdàn fi kojú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nínú ogun náà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, àwọn ló sì bá àwọn ará ilé wá ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Snider. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi: Snider fúnra rẹ̀, ìbọn àtúnṣe ni. Ìbọn àtijọ́ tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ní nǹkan bí 1866, wọ́n gé e níbi ìdí, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí i kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Jagunjagun tó ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù kò ní tíì parí tí ẹni tó gbé Snider yóò ti yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìró ohun ìjà ní ojú ogun yẹn náà ni wọ́n fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní Yorùbá mọ ìbọn, mọ títún ìbọn ṣe, tí ó sì fẹ́ràn ìbọn tó dára lójú, èmi kò ní bá a jiyàn.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jiyàn ni ẹ̀yìn ìbọn náà. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ìbọn ọdẹ ní ẹni tí ń bèèrè rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ di ọdẹ yóò kọ́kọ́ gbé àpò ọ̀gá rẹ̀ kiri inú igbó, yóò mọ ẹsẹ̀ ẹran, yóò mọ ohùn ẹyẹ, yóò sì mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá ìbọn gbé. Yóò fi irin búra, kò sì sí ẹni tó ń fi irin búra tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn abọgún ní irin ní kóòtù títí di òní. Ó ní Olúọ́dẹ tó lè pè é pé, "Ìwọ lágbájá, mo gbọ́ pé o yìnbọn láàjìn, kí lo yìn ín sí?" Bí ó bá sì kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣípà rẹ̀, wọn yóò kó ohun ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn yóò bá a ṣe é dé inú igbó. Láti ọjọ́ tó ti gbà á títí di ọjọ́ tó fi kú, ìbọn yẹn kò wà láìní alámòójútó. Owó ẹyọ tó wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo èyí ló dé. Ìwọ wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ẹyọ.

Ti òfin ńkọ́? N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62 (AK wà níbẹ̀), ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, ọlọ́pàá ló ń fún ni ní ìwé rẹ̀. Nínú àwọn tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ pàápàá, òfin yọ èyí tó ń ti ọta sí ara rẹ̀ kúrò. Ṣakabùlà náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ tún wò ó: òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rọ ìbọn, kó o pọ̀ tàbí tún un ṣe níbi tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn sójà fi máa ń kó àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn ní kọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau yìí. Nítorí náà, ohun tó jẹ́ fàájì lórí tábìlì ará Texas, ẹ̀wọ̀n ló jẹ́ lórí tábìlì tìrẹ. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni. Ní Christchurch, ní New Zealand, ọkùnrin kan fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn 51 ní mọ́ṣáláṣí méjì ní oṣù kẹta ọdún 2019. Kí oṣù kẹrin tó parí, ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn.

Ṣùgbọ́n kí a pa ti òfin tì, Jos ni a wà. Gbogbo wa mọ ohun tí ìró ìbọn ń ṣe nílùú yìí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ mẹ́rin péré kí gbogbo ayé tó gbàgbé wa nítorí ọ̀rọ̀ New York, títí dé ti 2008, dé ti Dogo Nahawa ní 2010, dé bọ́ǹbù Terminus ní 2014, dé Bokkos ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2023, kò sí ìdílé kan tó pẹ́ ní Jos tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní àdúgbò wa mọ ìyàtọ̀ láàárín báńgà àti ìbọn. Àwa Yorùbá, pẹ̀lú rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà tánganran ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa fi dé ibí. A ti pẹ́ ju kí wọ́n pè wá ní àlejò lọ, síbẹ̀ wọn kì í pè wá ní onílẹ̀. Ohun tó ti fi ń dáàbò bò wá láti ìgbà náà ni pé a ń tajà fún gbogbo ẹni tó bá dé, a sì ń gbé láàárín gbogbo wọn. Bí wọ́n bá wá bá ìbọn kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ Yorùbá kan, ta ni yóò gbà pé fàájì ni? Wọn kò ní sọ pé Túndé ra ohun ìṣeré. "Àwọn Yorùbá ti ń kó ìbọn jọ" ni yóò dé ọjà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀: "Ṣé kí a káwọ́ lérí kí wọ́n wá pa wá ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí àwọn tí wọ́n sin ènìyàn ní Bokkos kò fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da pọ̀. Ẹni tó ń ronú bí àdúgbò yóò ṣe sùn lálàáfíà máa ń bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀, á bá àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá sọ̀rọ̀, á bá agbófinró sọ̀rọ̀. Kì í ronú nípa ọ̀dà tí yóò fi kun ìbọn.

Ní ti ìfẹ́ tí a ní sí iṣẹ́ ọnà ara ìbọn, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi ṣe nǹkan. Ẹnìkan dábàá ní ìpàdé tó kọjá pé kí a yin ṣakabùlà ní Ọjọ́ Àṣà. Rárá o. Ìbọn onígi ni kí a gbẹ́, kí a fi awọ wé e bó ti yẹ, kí a sọ fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ẹ̀tù wá. Kí a tó gbẹ́ ẹ, kí a lọ bèèrè orúkọ ohun gbogbo tó wà lára ìbọn lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, nítorí bí mo ti ń kọ ìwé yìí, orúkọ tí mo mọ̀ nínú wọn kò pé márùn-ún, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò sàn jù mí lọ. Bàbá ọdẹ kan wà ní Bukuru tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kí a wá ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò, kí a má pọ̀ ju mẹ́fà lọ, kí a mú obì dání, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ fóònù títí òun yóò fi ní kí a yọ ọ́. Mo ti kọ orúkọ tèmi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ku márùn-ún.