Ta Ni Yóò Yan Mẹkáníìkì fún Mọ́tò Háyà-Pọ́ṣéèsì?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, ṣùgbọ́n inú owó oṣù náà ló ti ń jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wa mọ́tò tí a gbà ní háyà-pọ́ṣéèsì, tí à ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi mọ́tò náà fún wa a wá sọ pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni kí a máa gbé e lọ fún sẹ́fíìsì àti àtúnṣe, iye tí ṣọ́ọ̀bù náà bá sì pè ni kí a san. Bí a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tiwa, ó ní a ti rú àdéhùn nìyẹn, òun yóò gba mọ́tò òun. Àwọn ará wa gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń san án. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wọn, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ di irọ́.

Òfin náà ni Òfin Háyà-Pọ́ṣéèsì ti ọdún 1965, tó ṣì wà nínú ìwé òfin àpapọ̀ Nàìjíríà di òní. Abala kẹta rẹ̀ ka àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí kò lágbára nínú àdéhùn háyà-pọ́ṣéèsì, tó jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ kọ wọ́n síbẹ̀, tí ẹ sì tẹ ìka yín sí i, òfo ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ tó bá fi dandan lé e pé kí ẹni tó gba mọ́tò lo mẹkáníìkì, tàbí ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì, tàbí oníṣẹ́ yòówù mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi òmìnira ara rẹ̀ yàn. Ẹ tún un kà. Kò ní kí ẹ lọ bẹ onímọ́tò kó fún yín láyè. Àyè náà ti wà. Òfin yìí kò sì wo bí owó mọ́tò ṣe pọ̀ tó: ìbáà ṣe kórópe, ìbáà ṣe dáńfó, ìbáà ṣe bọ́ọ̀sì ńlá, ọ̀kan náà ni. Abala kan náà sọ ọ̀rọ̀ mìíràn di òfo, èyí tó bá fún onímọ́tò láṣẹ láti wọ inú ọgbà yín lọ gbé mọ́tò.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ń kọ ohun tí òfin ti pè ní òfo? Wọ́n mọ̀ pé a kì í kà á ni. Ìwé náà á pọ̀ ní ojú ewé, èdè òyìnbó ni, lẹ́tà rẹ̀ á rí wínníwínní bí èèrùn, ojú wa á sì ti wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lórí tábìlì. Wọ́n tún mọ̀ pé awakọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ bá dúró lónìí kò ní owó oúnjẹ lọ́la, nítorí náà kò jọ pé yóò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, mọ́tò tókunbọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè kó owó àjọ rà tẹ́lẹ̀ ti gòkè kọjá ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè bí wọ́n ṣe se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ń lọ lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi dandan lé yìí kì í ṣe owó kékeré, ìpalára rẹ̀ sì ju owó náà lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ká ní gbogbo iye tí ẹ óò san lórí mọ́tò jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà (₦6,000,000). Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Abala kẹsàn-án òfin náà sọ pé ní ọjọ́ tí owó tí ẹ ti san bá pé iye yìí, onímọ́tò kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba mọ́tò náà mọ́, àfi kó gba kóòtù lọ. Bí ó bá fi ipá gbà á láìlọ sí kóòtù, àdéhùn parí, ẹ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ mọ́, ẹ sì lè gba gbogbo owó tí ẹ ti san padà lọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹ má sì ṣe tìtorí èyí jókòó tẹtẹrẹ: bí ẹ bá jẹ owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin fún un láyè láti gbé mọ́tò lọ sí ibi tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kó má baà bàjẹ́, títí kóòtù yóò fi dájọ́.)

Wàyí o, ká ní ₦60,000 ni ẹ ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ kò san owó kankan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ owó mọ́tò, ọ̀sẹ̀ 60 ni ẹ óò fi dé ibi ààbò yẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń yọ ₦15,000 nínú rẹ̀ fún sẹ́fíìsì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ₦45,000 ló kù fún mọ́tò, ọ̀sẹ̀ 80 ni ẹ óò sì fi dé ibẹ̀. Ogún ọ̀sẹ̀ gbáko ni ẹ óò fi máa rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń gba mọ́tò ní bèbè títì, tí ẹ kò sì tíì bọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò yan mẹkáníìkì ju ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì lọ. Ẹni tó bá ń san owó kan mọ́ òmíràn, kó lọ béèrè lọ́la òde yìí: èló ni ti mọ́tò, èló ni ti ìṣúránsì, èló ni ti sẹ́fíìsì? Kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

A kò sọ pé onímọ́tò kò ní ẹ̀rù tirẹ̀. Títí ẹ óò fi san kọ́bọ̀ ìkẹyìn, tirẹ̀ ni mọ́tò náà. Ojú rẹ̀ ti rí awakọ̀ tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì títí ẹ́ńjìnnì fi kú, tó wá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Òfin kan náà tó fún wa ní òmìnira láti yan mẹkáníìkì ló sọ pé bí ẹ bá fẹ́ fi àdéhùn sílẹ̀ láìsan tán, ẹ lè kọ̀wé kí ẹ sì dá mọ́tò padà, kí ẹ san owó tó bá ṣẹ́kù títí yóò fi pé ìdajì gbogbo owó náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tọ́jú mọ́tò náà bó ti yẹ, ẹ óò san owó ìbàjẹ́ lé e lórí. Kí ni ẹ óò fi hàn pé ẹ tọ́jú rẹ̀? Ẹnu lásán kò tó. Rìsíìtì ni, àti ìwé kékeré kan tí ẹ kọ ọjọ́ sí, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lójú mọ́tò lọ́jọ́ náà àti ohun tí mẹkáníìkì ṣe. Mẹkáníìkì tó bá ní òun kò mọ rìsíìtì kọ, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ẹ lè gbé mọ́tò háyà-pọ́ṣéèsì lọ bá. Bó bá ṣe mọ́tò tiyín ni, ọ̀ràn yàtọ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ẹ gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò wá fún sẹ́fíìsì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ta ni wọ́n ń bá wí? Dáńfó tó ń rin kìlómítà 150 lóòjọ́ yóò ti rin kìlómítà 5,000 láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún pípààrọ̀ ọ́ìlì lásán. Bí onítọ̀hún bá dúró de oṣù mẹ́ta, omi dúdú ni yóò máa wa kiri. Òṣìṣẹ́ fákítọ̀rì tó ń fi mọ́tò rẹ̀ rin ogójì kìlómítà lọ bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó rin 5,000 kan náà. Ẹni àkọ́kọ́, sẹ́fíìsì wọn kò tó o; ẹni kejì, wọ́n ń gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mọ́tò ni kí ẹ máa wò. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri kò mọ ibi tí ẹ rìn dé.

Bí yíyàn bá wá di tiyín, báwo ni ẹ óò ṣe yàn? Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Ìjàpá ní Èkó ní ọdún 1975. Mọ́tò yẹn kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, mẹkáníìkì abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì lè tú u kó tó o kí oòrùn tó wọ̀. Mọ́tò òde òní ní ọpọlọ, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì, ọmọ tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò kàn máa méfò ni, yóò máa ní kí ẹ lọ ra eléyìí, kí ẹ lọ ra ìyẹn. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ yẹn. Ẹ wo bóyá irú mọ́tò tiyín ló ń tún ṣe lójoojúmọ́. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń da ọ́ìlì, kí ẹ rí i pé agolo náà kò tíì ṣí tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì gba fílítà àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ ra ohun èlò fúnra yín ní Ládipọ̀ lÉkòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ fi wé tuntun lójú ẹni tó ń tà á. Ní ti búréèkì, ẹ má ṣe dúnàá-dúrà débi tí wọn yóò fi fún yín ní ayédèrú. Èrò mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn yín.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa lódì. Òmìnira láti yan ẹni tí yóò tún mọ́tò ṣe kì í ṣe òmìnira láti pa mọ́tò dà. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ aṣọ́mọ́tò sínú rẹ̀, ẹ sọ fún rewáyà kó má ṣe fọwọ́ kan wáyà rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì padà sí èyí tó ń lo gáàsì, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe láti ìgbà tí epo ti wọ́n, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onímọ́tò ná, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí ìjọba fọwọ́ sí.

Wáráńtì náà yàtọ̀. Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò tàbí tó tà á ṣe lórí mọ́tò tuntun ni, wọ́n sì lè sọ pé ìlérí náà dá lórí pé kí wọ́n máa ṣe sẹ́fíìsì rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n là sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé níwọ̀n ìgbà tí wáráńtì bá ṣì wà, ẹ máa lọ síbẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n, nítorí gíá bọ́ọ̀sì kan tó bá bàjẹ́ ju owó sẹ́fíìsì ọdún méjì lọ. Ọjọ́ tó bá parí, ẹ kúrò níbẹ̀. Mọ́tò tókunbọ̀ kò sì ní irú wáráńtì bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi í dẹ́rù bà yín.

Àwọn tó ra mọ́tò pẹ̀lú owó kọpurétíìfù tàbí owó tí ọ̀gá iṣẹ́ yá wọn, òfin ọdún 1965 kò bá tiyín wí, nítorí owó ni ẹ yá, mọ́tò náà sì ti jẹ́ tiyín láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ló sún mọ́ yín: kò fẹ́ kí ẹni tó ń ta nǹkan so ọjà kan mọ́ òmíràn fún oníbàárà, bí kò ṣe pé àǹfààní rẹ̀ fún oníbàárà hàn kedere. Àjọ náà ń gba ẹjọ́ oníbàárà.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní mọ́tò kò le. Kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kúrò nínú ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí mọ́tò ṣe wà, kí wọ́n wá wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a óò fi rìsíìtì hàn wọ́n. Kí wọ́n sì ya owó mọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára owó yòókù. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba mọ́tò, kó mú ìwé àdéhùn náà wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kó tó tẹ ìka sí i, a óò jọ kà á fún un ní èdè tó gbọ́. Ẹni tó ti tẹ ìka sí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Kó mú ìwé rẹ̀ wá pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì tó bá ní, ìbáà ti ya, ìbáà ti kún fún ọ́ìlì.