Omi Ló Bàjẹ́, Ẹ̀rọ Ò Tíì Kú

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì. Ẹ̀ka wa fẹ́ ta àwọn projector CRT mẹ́ta tó wà nínú sítọ́ọ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ó ti kú" sí wọn lára. A béèrè ohun tó pa wọ́n. Èsì tí a gbọ́ ni pé àwòrán wọn ti ṣú, bí ẹni pé èéfín bò ó. Ta ló tú u wò? Kò sẹ́ni kankan. Ṣé orí bíbẹ́ ti wá di oògùn orí fífọ́ ni?

Fún àwọn tí kò bá irú ẹ̀rọ yìí láyé: kò ní gílóòbù nínú. Tíúbù mẹ́ta ló ní, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí tẹlifíṣàn kékeré tí ojú rẹ̀ tó íǹṣì 7, 8 tàbí 9, ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì pàdé lójú aṣọ. Ní àwọn ọdún 1990, òun ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ òfuurufú fi ń kọ́ṣẹ́, àti nínú sinimá ilé àwọn olówó. Barco ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe é, Electrohome ní Kánádà ṣe é, Sony ní Japan náà ṣe é. Àwọn ńlá inú wọn wúwo ju kílò 100 lọ. (Ẹ bi àwọn tó gbé e gun àtẹ̀gùn wa.)

Kí tíúbù kékeré tó lè fi ìmọ́lẹ̀ kún odindi ògiri, ó ní láti jìyà. Iná tó ju fóòtì 30,000 lọ ló ń ti ẹ̀lẹ́kítíróònù lu ojú rẹ̀, ojú náà á sì gbóná gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi omi sáàárín ojú tíúbù àti lẹ́ńsì tó kọjú sí i. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ o. Ethylene glycol ni, wọ́n sì sábà máa ń pò ó mọ́ gílísírìn. Ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kejì tí gbogbo ẹni tó ti ṣe ìdánwò Físíìsì yẹ kó mọ̀. Iye tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 1, ti gíláàsì sún mọ́ 1.5, ti glycol jẹ́ nǹkan bí 1.43. Nítorí pé glycol àti gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ kì í ta padà sẹ́yìn kó máa rìn gbéregbère nínú tíúbù. Ibi tó yẹ kó dúdú nínú àwòrán á dúdú lóòótọ́.

Àmọ́ omi náà ń darúgbó. Tó bá ti pẹ́ tó ọdún mẹ́wàá sí ogún, ó lè pọ́n, ó lè bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, kí ìkùukùu máa léfòó lójú lẹ́ńsì. Rọ́bà gásíkẹ́ẹ̀tì á le, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí àwọn pátákó iná tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú aṣọ nìkan á ní tíúbù ti kú.

Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ kò ṣòro. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì. Bí ẹ bá rí ìkùukùu, omi ni. Bí ẹ bá rí àpá onígun mẹ́rin, bí òjìji àwòrán tó ti jókòó síbẹ̀ pẹ́, fósífọ̀ ló ti jó, kò sì sí omi tó lè wo ìyẹn sàn. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí irú tíúbù bẹ́ẹ̀. Àwa tan tọ́ọ̀ṣì sí tíúbù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Méjì péré ló ní àpá, ara ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì ni méjèèjì wà. Ẹ̀rọ méjì yòókù, omi ni wọ́n ń fẹ́.

Wọ́n ní projector tuntun wà. A mọ̀. A kò ní kí wọ́n gbé èyí lọ sí gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù tuntun bá jó, a kàn ń ra òmíràn ni, kí la kọ́ níbẹ̀? Ọdún mẹ́rin la fi ń ya àwòrán CRT sínú ìwé ìdánwò, tí a fi ń ṣírò ooru àti ìmọ́lẹ̀, a kò sì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú sítọ́ọ̀ yẹn, ẹ sì fẹ́ wọ̀n ọ́n ní kílò.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe idán. Ẹ kọ́kọ́ tú iná tó kù nínú tíúbù dànù, torí ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, ó sì lè pààyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bóòtù, ẹ fa omi àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fọ gíláàsì méjèèjì mọ́ tónítóní, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí ẹ wá rọra bu glycol tuntun sí i títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Bí ọ̀gá wa tó jẹ́ technologist kò bá sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà fún àwọn tiwa náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká ra kúláǹtì mọ́tò, ṣé ẹ kò rí aró tó wà nínú rẹ̀ ni? Inú aró ewé ni ìmọ́lẹ̀ pupa máa gbà jáde? Omi lásán ńkọ́? 1.33 ni tiẹ̀, ó sì ń jẹ irin. Ẹ̀yin tí ẹ sì da ti tíúbù kan sí gọ́tà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù, glycol dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ni. Ajá àti ewúrẹ́ ń mu omi gọ́tà yẹn, àwọn ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì sì ń ṣeré níbẹ̀.

Ohun tí à ń bẹ Ọ̀gá HOD wa fún kò pọ̀: kí wọ́n dá títà náà dúró, kí wọ́n fún wa ní Sátidé méjì pẹ̀lú technologist, àti kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí fún omi àtijọ́. A ó dá owó glycol láàárín ara wa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, gásíkẹ́ẹ̀tì tíúbù íǹṣì 8 là ń wá, mẹ́fà péré. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn oníirin ń bọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wà lọ́fíìsì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka, ẹ wá fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú.