Kí wọ́n tó tún ní ká ti ọjà pa: ta ló yẹ kó ṣí, ta ló yẹ kó tì?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa láti Lekki, Ajah, Ṣàngótẹ̀dó, títí dé Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ la bá wá lónìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ìgbà kòrónà ni.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ ò tíì gbàgbé ìyẹn ni?" A ò gbàgbé o. Àrùn mìíràn lè dé lọ́la, ìjọba á sì tún jókòó kọ orúkọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣí àti èyí tó gbọ́dọ̀ tì. Tí a ò bá sọ èrò wa kí ọjọ́ náà tó dé, ẹni tí kò mọ iye ọjọ́ tí tòmátò ń lò kó tó rà ló máa bá wa kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe lọ. Òpin oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí gbogbo ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ní Èkó tì, àyàfi àwọn tó ń ta oúnjẹ, omi, oògùn àti nǹkan tí ẹ̀mí èèyàn gbé lé. Ọjọ́ 30 oṣù náà, aago 11 alẹ́, ni òfin Ààrẹ Muhammadu Buhari bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá: kónílé-ó-gbélé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Wọ́n fi kún un. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko nìyẹn, àsìkò tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, tó yẹ kí àgbàdo ti wà nílẹ̀.

Ààrẹ dárúkọ àwọn tí òfin náà kò mú: ilé ìwòsàn, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ, tó ń pín in kiri, tó sì ń tà á, àwọn elépo, àwọn oníná mọ̀nàmọ́ná, àti iléeṣẹ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé. Téèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, á ní wọn ò gbàgbé àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ti délẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Wọn ò dárúkọ ohun tó ń sọ nǹkan di oúnjẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká fi adìyẹ ṣàlàyé. Adìyẹ ayéyin kan ń jẹ fíìdì tó nǹkan bíi gíráàmù 115 lójúmọ́. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún kan, kílò 115 nìyẹn, báàgì kílò 25 mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Adìyẹ ò gbọ́ òfin kónílé-ó-gbélé. Tí fíìdì bá wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dáwọ́ yíyé dúró, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lára wọn, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò. Ìyẹn tí wọn ò bá kú.

Lọ́wọ́ kejì, tí fíìdì bá wà, tí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń yé, ẹyin 800 ni lójúmọ́, kíréètì 26 ó lé. Láàárín ọjọ́ 14, ó ti lé ní kíréètì 370. Ta ló ń ra ẹyin lọ́pọ̀? Ilé ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ta ìndómì àti ẹyin lójú títì. Gbogbo wọn ti tì. Káàkiri orílẹ̀-èdè yìí làwọn tó ń sin adìyẹ ń ké nígbà náà pé ẹyin ti kún ilé, kò sẹ́ni tó máa rà á, nígbà tí ebi sì ń pa èèyàn ní àdúgbò kejì.

Àwa tó wà lójú ọ̀nà yìí mọ bó ṣe rí. Agbófinró kan dá bọ́ọ̀sì tó kó fíìdì dúró, ó ní oúnjẹ èèyàn ni òfin sọ, òfin ò sọ oúnjẹ adìyẹ. Àbí ẹ rí nǹkan! Ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran tì, torí ẹni tó ni ín ò mọ̀ bóyá oògùn tí ìjọba ń sọ kan tòun. Ẹni tó ń ta irúgbìn tì. Ẹni tó ń ta kíréètì tì. Mẹkáníìkì àti fọkanáísà tì, ọkọ̀ ẹ̀fọ́ jó táyà, ó di ìṣòro. Àwọn oníyìnyín tì, ẹni tó gba ẹja lọ́wọ́ apẹja létí ọ̀sà ò rí nǹkan fi tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò tì o! Orúkọ oúnjẹ nìkan ló ṣí, ọ̀nà tó ń gbà wá ti dí.

Ẹ má sì gbàgbé pé títì ńlá kan ṣoṣo ló gba àárín wa kọjá nígbà náà, Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń gbé níbòmíì lè gba ẹ̀yìnkùlé. Tiwa, tí wọ́n bá ti gbé igi dínà níbì kan, ẹ̀fọ́ Ìbẹ̀jú ò dé Ajah nìyẹn, ẹja Ẹ̀pẹ́ náà ò sì dé Lekki.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde kí ọkọ̀ oúnjẹ àti ọkọ̀ irinṣẹ́ àgbẹ̀ lè máa kọjá. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ wa kí ìyẹn tó dé.

Ẹ wo Ghana. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta yẹn kan náà ni wọ́n ti Accra àti Kumasi pa. Nínú àwọn tí òfin tiwọn yọ sílẹ̀, Ààrẹ Nana Akufo-Addo dárúkọ àwọn tó ń pèsè oúnjẹ, ó dárúkọ àwọn apẹja, ó tún dárúkọ àwọn tó ń ṣe ìwé àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà. Ẹ gbọ́ o, ọ̀rá ìdijà! Ẹni tó kọ ìyẹn sílẹ̀ ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì lò, wọ́n ṣí i. Ní Benin, Ààrẹ Patrice Talon sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò lówó tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi ń sé èèyàn mọ́lé. Wọ́n yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ wọn ká, kí àrùn má bàa tàn kọjá ibẹ̀.

A ò sọ pé kí gbogbo nǹkan ṣí o. Kòrónà pa èèyàn. Etí-Ọ̀sà tiwa yìí wà lára ibi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ pọ̀ jù ní Èkó. Ẹni tó bá ti wọ ọjà Ajah lọ́jọ́ Sátidé mọ̀ pé èémí ẹnì kan ni ẹnì kejì ń fà. Nítorí náà, ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ti àwọn ibì kan. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n yéé béèrè pé "Iṣẹ́ wo ló ṣe pàtàkì?" Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣe pàtàkì lójú ara rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta mìíràn ló yẹ kí wọ́n máa bi.

Èkíní: tí ibí yìí bá tì fún ọjọ́ 14, kí ló máa kú, kí ló máa bàjẹ́? Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ò ní dúró de ìjọba, wọ́n á gbó sórí ebè. Ẹyin tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ, ọjọ́ 21 ló máa pa, ọmọ adìyẹ tó bá jáde ò sì lè kọjá nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ẹja àrọ̀ inú kànga ń jẹun. Ṣùgbọ́n aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù wà bó ṣe wà, bàtà wà, fóònù wà.

Ìkejì: iṣẹ́ wo ló so mọ́ ọn? Tí ẹ bá ti ní kí oúnjẹ ṣí, ẹ ti ní kí fíìdì ṣí, kí irúgbìn ṣí, oògùn ẹran, yìnyín, kíréètì, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ẹrù ṣe, àwọn alábàárù, àti oní-POS tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ti gba owó. Tí ẹ bá gé ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ já.

Ìkẹta: ṣé wọ́n lè ṣe é láìkóra jọ? Ìyá tó pa àtẹ ẹ̀fọ́ sí gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́, oníbàárà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ilé ìtajà ńlá tó ti fèrèsé pa, tó tan ẹ̀rọ amúlétutù, ọgọ́rùn-ún èèyàn lè wà nínú ẹ̀. Ta ni wọ́n wá lé? Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni. Èyí ò bá ọgbọ́n mu. Àwọn dókítà fúnra wọn sọ pé inú ilé tó há ni àrùn yìí ti ń ràn jù.

Tí a bá fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wọn nǹkan, gbọ̀ngàn àríyá á tì. Ilé ìwobọ́ọ̀lù á tì. Ilé tẹ́tẹ́ á tì. Ó máa kan tiwa náà o: ibi tí wọ́n ti ń kó ààyè adìyẹ àti èèyàn pọ̀ sójú kan gbọ́dọ̀ dín kù, ìpàdé kọpùrétíìfù gbọ́dọ̀ di orí fóònù. Ẹ rántí pé Nàìjíríà ti rí àrùn adìyẹ tó ń ran èèyàn rí, lọ́dún 2006, ó sì tún padà wá lọ́dún 2015. Ẹni tó ń sin adìyẹ ò gbọ́dọ̀ máa fi àrùn ṣeré.

Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú òfin sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ní kí ọjà máa ṣí láti aago 9 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, kí àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ọjọ́ tiwọn, kí àwọn yòókù ní tiwọn. Ẹ bá wa ṣírò. Ká ní èèyàn 1,200 ló ń wá ọjà kan lójúmọ́ láàárín wákàtí 12. Ọgọ́rùn-ún ni ní wákàtí kan. Tí ẹ bá gé e sí wákàtí mẹ́fà, ó di igba. Tí ẹ bá tún ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan, ó di irinwó. Èrò tí ẹ fẹ́ tú ká lẹ tún kó jọ yẹn! Ohun tó dáa ni kí ọjà oúnjẹ pẹ́ ní ṣíṣí, kí àtẹ jìnnà síra, kí wọ́n pín ọjà sí àwọn pápá ilé ìwé tó wà nítòsí.

Àwọn tí wọ́n bá wá ní kó tì ńkọ́? Ìyá aláṣọ tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Nítorí gbogbo wa ló ṣe tì í. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn nítorí ìlú, ìlú ló yẹ kó bọ́ ọ. Lọ́dún 2020, Èkó kéde oúnjẹ fún ìdílé 200,000 gẹ́gẹ́ bí ìpele àkọ́kọ́, nínú ìpínlẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ibo ni ìrẹsì ti ń wá, tí ẹyin sì ń bàjẹ́ ní Ìbẹ̀jú? Kí ìjọba ra ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹja lọ́wọ́ wa, kó fi bọ́ àwọn tó ti ṣọ́ọ̀bù. Òkúta kan, ẹyẹ méjì ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí ebi ń pa ò sì ní jókòó sílé nítorí òfin.

Ní báyìí tí ara ṣì tutù, ohun tó yẹ ká ṣe nìyí:

1. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù fún un, kí wọ́n sì ní káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé, ojú títì ló ti máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

2. Kí Ìyálọ́jà, alága ọjà àti àwọn olórí àgbẹ̀ jọ kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí káńsù, ní Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jú-Lekki, kí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ tó so mọ́ oúnjẹ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn kọ "oúnjẹ". Ẹ kọ fíìdì, ẹ kọ yìnyín, ẹ kọ kíréètì.

3. Ẹ̀yin tó ń sin nǹkan ọ̀sìn, tí agbára bá gbé e, ẹ má jẹ́ kí fíìdì ilé dín sí ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e sórí pákó, níbi tí omi ò ti ní kàn án, kó má bu.

4. Ẹ ní nọ́ńbà oníbàárà yín tó ń gbé nítòsí. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì tì, àwọn tó mọ ìdílé ogún ní ẹ́sítéètì tó sún mọ́ wọn ló rí ẹyin tà.

A kì í dúró dojú ogun ká tó wá ọfà. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló so mọ́ tiyín tí ẹ rò pé wọ́n á tún gbàgbé? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, ká lè fi kún ìwé náà. Ẹ sì bá wa fi han Ìyálọ́jà ọjà yín.

Oko wa á so, ọjà wa á tà o. Àṣẹ.