Kí Màmá Tó Wọ Bàálù Olówó Ńlá

Ọmọ tí Ọlọ́run bá ṣe é fún nílùú òyìnbó, tí ìyá rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í fẹ́ kí ìyá náà ká eékún jókòó fún nǹkan bíi wákàtí 12 láti Èkó dé Atlanta, ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú Delta bẹ̀rẹ̀ sí gbà tààrà ní 2007. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń tu owó jọ láti ra ààyè fún òbí wọn ní apá iwájú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì. Owó ibẹ̀ a máa tó ìlọ́po mẹ́ta owó ààyè ẹ̀yìn, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwà ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ ra ààyè, ọ̀tọ̀ ni kí ìyá mọ bí a ti ń lò ó.

Ẹ wo bí ó ti sábà máa ń rí. Ìyá wọlé, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan. Àga tí ó jókòó lé lè tẹ́ gbalaja bí ibùsùn, irú èyí tí British Airways kọ́kọ́ gbé sí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ní 2000, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí a ń tẹ̀ kí ó tó tẹ́. Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní òun ti yó. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá wọn yóò tún gba owó mìíràn lórí oúnjẹ àti ohun mímu. Ó ń wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ti bora sùn. Bí ó ti jókòó ní Ìkẹjà ni ó ṣe jókòó dé Amẹ́ríkà. Ìyá tí ó ti fi ogójì ọdún ṣòwò ní Dùgbẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ọjà, ni bọ́tìnnì kékeré kan fi ebi àti àìsùn pa mọ́jú.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìyá. Àwọn tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láìfi àlàyé tẹ̀ lé e ni ó ni ín. Bí ìrìn-àjò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí ẹni kan nínú ilé tí ó ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí jókòó ti màmá, kí ó fi àwòrán àga náà hàn án lórí fóònù, kí ó sọ fún un pé owó oúnjẹ ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, pé iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú èrò ni láti wá bí a bá pè wọ́n. Bí màmá bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ọmọ béèrè oúnjẹ tí ó bá a lára mu ṣáájú. Wákàtí 24, ó kéré tán, ni púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ arọ náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní àwọn kò yarọ. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú Atlanta ni ó ń gba èrò jù lágbàáyé ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún láti 1998 wá, ìrìn inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, ẹni tí ó bá sì ń tì í yóò mú màmá dé iwájú àwọn aṣọ́bodè, yóò sì mú un dé ibi tí ẹrù wà. Kí ọmọ béèrè fún un nígbà tí ó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó má dúró de ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ohun tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrìn-àjò tí ó bá tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ewu náà kò wọ́pọ̀, nǹkan bí ẹnìkan nínú 6,000 ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sẹ́sẹ̀ bá rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pani. Àwọn òyìnbó ti fi orúkọ ààyè ẹ̀yìn pe àìsàn yìí, orúkọ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Àìmira ni ó ń fà á, kì í ṣe iye tí a rà tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí ó jókòó bí ère lórí àga olówó ńlá kò bọ́ nínú ewu náà. Kí ó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí ó máa mu omi, nítorí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ rí. Báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà, nínú páálí tàbí ìgò tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbo inú ìgò ńlá kò lè wọ báàgì ọwọ́: láti 2006, lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí àwọn tí ó fẹ́ fi ohun olómi ba ọkọ̀ òfurufú jẹ́ láti London, mílílítà 100 ni wọ́n fi ààlà sí.

Ní ti ẹrù, àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò 32 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò iwájú. Àyè yìí gan-an ni ó ń mú kí àwọn ìyá di ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti kílíṣí fún ọmọ. Aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í béèrè ibi tí ènìyàn jókòó kí ó tó tú àpótí. Ẹni tí ó bá sọ ohun tí ó gbé, wọn yóò gba èyí tí òfin kọ̀, yóò sì máa lọ. Ẹni tí ó bá fi pamọ́ lè san ìtanràn tí ó tó dọ́là 1,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju dọ́là 10,000 lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nílé níbí àti lọ́hùn-ún.

Ó ku aṣọ. Bùbá àti ìró tí kò fún ara ni ó dára, pẹ̀lú bàtà tí ó fẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú bí ènìyàn bá jókòó pẹ́. Gèlè olówó iyebíye náà, kí màmá ká a sínú báàgì. Bí ọkọ̀ bá ku wákàtí kan kí ó balẹ̀, kí ó wá wé e, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí i.